Sàráà Iṣẹ́ Tí Kò Sí

Níbi tí a ti ń wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń lọ sí Ìjòkó ní Sángo, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yunifásítì kan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tò síwájú mi.

"Àǹtí, ayédèrú ni ímeèlì tó ní mo ti ríṣẹ́ yẹn. Ní géètì fáktírì l'Ọ́tà, wọ́n ní àwọn ò gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́."

"Ṣé wọ́n tiẹ̀ ṣe íńtáfíù fún ẹ?"

"Rárá. Ímeèlì lásán ni wọ́n fi kọ̀wé, irú tèmi àti tiyín, kì í ṣe ti iléeṣẹ́. Mo rí i. Mo kàn fẹ́ kó jẹ́ òótọ́ ni."

Mo kàn fẹ́ kó jẹ́ òótọ́ ni.

Èmi tí mo wà lẹ́yìn wọn tún gbólóhùn yẹn sọ nínú ọkàn mi.

"Jẹ́ ká sọ fún Màámi," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

"Màámi tó ti fi àkàrà ṣe sàráà? Ààfáà ti ṣàdúrà, gbogbo àdúgbò ti ṣàmín. Láàárọ̀ ọ̀la, màá múra, màá jáde bí òṣìṣẹ́. Ibi tí mò ń lọ nìkan ni mi ò mọ̀."