Iṣu Tí Mo Gé Nínú Ebè Ìyá Bọ́sẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, iṣu kan wà tí mo gbìn sí ẹ̀yìnkùlé mi ní Ìṣẹ́ níbí. Orí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi, ìdí rẹ̀ yọ sí Emùré. Àwọn ará Emùré ti gún un níyán tán kí n tó mọ̀ pé ó ta. Ìtàn tí mo máa ń sọ fún gbogbo ayé nìyẹn. Ṣùgbọ́n iṣu mìíràn ló wà lọ́rùn mi. Mo ní láti sọ ọ́ báyìí, torí wọ́n ti ní kí ẹnìkan kó ẹrù rẹ̀ jáde nílé kí ọjọ́ Ìsinmi tó dé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ọkọ Fúnkẹ́ ọmọ mi kì í fẹ́ jẹ iṣu Èkó mọ́ látìgbà tó ti jẹ ti ẹ̀yìnkùlé mi. Ó máa ń wa mọ́tò wá nítorí iyán iṣu tuntun. Lọ́dún tó kọjá, mo sọ fún un lórí fóònù pé iṣu mi ti ń ya ebè. N kò tíì lọ wò ó o. Ọjọ́ Ìsinmi kan ni òun àti Fúnkẹ́ pè mí.

"Bàbá, a ti dé Ìkéré o, ẹ gbé omi kaná!"

Mo sáré wọ ọgbà. Ewúrẹ́ ti jẹ gbogbo ewé iṣu mi. Ohun tí mo wà jáde kò ju àtàǹpàkò lọ.

Ìyá Bọ́sẹ̀, opó tí ọgbà rẹ̀ kan tèmi, wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ mọ bí a ṣe ń gé iṣu tuntun. A ó tú ẹ̀gbẹ́ ebè, a ó fi ọ̀bẹ gé iṣu lábẹ́, a ó fi orí rẹ̀ sílẹ̀ kó tún ta, a ó da yẹ̀pẹ̀ bò ó. Ewé rẹ̀ kì í rọ. Bí mo ṣe gé ti Ìyá Bọ́sẹ̀ nìyẹn, láti ebè kan bọ́ sí òmíràn.

"Bàbá, ọwọ́ yín mà dára o!" Ọkọ Fúnkẹ́ ń lá ọwọ́.

Ìyá Bọ́sẹ̀ ń tọ́jú iṣu yẹn de ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Nígbà tó wà á, kéékèèké ló bá, ojú ọ̀bẹ sì wà lórí wọn. Ó figbe ta: "Uṣu mi dà?" Ó bi mí bóyá mo rí ẹni tó wọ ọgbà. Ẹnu mi yá. Mo ní mo rí Àjàyí, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, tòun tọ̀bẹ lọ́wọ́. Àjàyí yìí ló bá a kọ gbogbo ebè náà.

"Bàbá Fúnkẹ́, èmi lẹ rí?"

"Ìwọ ni. Ṣé ojú mi fọ́ ni?"

Lọ́sẹ̀ yìí, adìẹ Ìyá Bọ́sẹ̀ kan sọnù. Ó ní kí olè kó ẹrù rẹ̀. Àjàyí ò níbòmíràn tó lè lọ. Síbẹ̀, ó ṣì ń dọ̀bálẹ̀ kí mi láràárọ̀. Kì í kàn wo ojú mi ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n lọ kúnlẹ̀ fún obìnrin yìí lónìí? Ọkọ Fúnkẹ́ tún ń bọ̀ ní Sátidé. Tó bá gbọ́, ṣé yóò tún jẹun nílé mi láéláé?

Iṣu tó yọ sí Emùré, irọ́ ni mo pa. Ọ̀bẹ tí mo ní mo rí lọ́wọ́ Àjàyí, irọ́ ni mo pa. Ọ̀bẹ ilé mi ni. Ọwọ́ mi ló wà.