Òórùn Tó Wà Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Màmá

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi kí ẹ tó bú mi. Irọ́ kan wà lọ́rùn mi tí mo pa mọ́ ìyá ọkọ mi. Ọ̀rọ̀ kékeré ni lẹ́nu, mi ò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó sọ ọ́. Mo gbé e mọ́ra títí, mo rò pé ó máa kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá náà ti ń ṣàìsàn báyìí nítorí irọ́ yẹn, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dákẹ́ mọ́.

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe, inú ilé ni máṣíìnì mi sì wà. Ẹ̀yìn Dópẹmú là ń gbé. Eku àdúgbò wa kì í sá fún èèyàn, èèyàn ló ń yà fún wọn. Nígbà tí wọ́n jẹ léèsì oníbàárà mi kan ní ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, mo sunkún títí ojú mi fi wú. Alápatà kan ní Oko Ọba ló fún mi ní ológbò. Akọ ni, ó dúdú, ó sì mọṣẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí eku fi di ìtàn nílé wa.

Ọkọ mi ò fẹ́ ẹ. Ẹlẹ́sìn Kristi ni wá, ẹ sì mọ ohun táwọn èèyàn wa máa ń sọ nípa ológbò dúdú. Nítorí iṣẹ́ mi ló ṣe gbà, ó ní ọjọ́ tí òun bá gbóòórùn rẹ̀ nínú ilé, ọjọ́ náà ló máa lọ. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé ìta ló ti ń yàgbẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ológbò náà ò lè jáde, torí obìnrin tó ń gbé nísàlẹ̀ ti da omi gbígbóná sí i lára rí, ó ní àjẹ́ ni.

Mo wá báfù oníke kan fún un. Mo ń bu ìyẹ̀fun pákó sínú rẹ̀, èyí tí àwọn tó ń la igi máa ń kó dà nù. Bó bá yàgbẹ́ sí i, màá kó o. Bó bá tọ̀ sí i, màá da gbogbo rẹ̀ nù, màá fi omi gbígbóná fọ báfù, màá sá a sóòrùn. Béèyàn bá ń ṣe é bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, kò ní rùn. Ibi tí màá gbé e sí ló kù. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá ni mo gbé e sí, lẹ́yìn àpótí aṣọ wọn.

Màmá, ìyá ọkọ mi, wá bá wa gbé láti Èkìtì lẹ́yìn tí bàbá kú. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. "Ùyàwó mi" ni wọ́n ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe ìyàwó lọ́dọ̀ wọn. Orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Áṣáà tí wọ́n ti ń fà símú láti ìgbà ọ̀dọ́ sì ti pa imú wọn. Bí ọbẹ̀ bá ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọn ò ní mọ̀. Bí ológbò bá ń ha báfù lábẹ́ wọn, wọ́n á ní ó ń lé eku, wọ́n á sì máa kí i. Ọkọ mi ní tirẹ̀ ò jẹ́ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀. Ọmọkùnrin wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa? Mo ti ro gbogbo rẹ̀ tán. Ọgbọ́n àgbọ́njù níí pa òdù ọ̀yà, àwọn àgbà ò parọ́.

Nígbà tí òjò dé, gbogbo ìyẹ̀fun pákó tí mo lè rí ló rin gbingbin. Aṣọ Iléyá sì pọ̀ lọ́wọ́ mi. Dípò kí n dà á nù, mo ń fi eérú bo orí èyí tó ti tutù, mo ń ju káńfọ̀ sáàárín rẹ̀. Èmi tí mò ń gbé inú òórùn náà ò tiẹ̀ mọ bó ṣe le tó mọ́. Ìtọ̀ akọ ológbò kì í ṣe ohun tí káńfọ̀ lè bò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, àwọn ìyá ìjọ wá gbàdúrà fún Màmá nínú yàrá wọn. Àdúrà náà ò pẹ́ rárá. Ọ̀kan nínú wọn fi etí ìborùn bo imú. Nígbà tí wọ́n lọ, ọkọ mi pè mí sí pálọ̀.

"Yàrá Màmá ń rùn fún ìtọ̀. Àbí ológbò ẹ ni?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba tèmi rò. Ẹ̀rù bà mí. Mo rántí eku, mo rántí aṣọ oníbàárà tó kún ilé. Mo ní, "Rárá o, Dádì Tómi. Àgbà ló dé. Ẹ má bá Màmá wí, mò ń fọ̀ ọ́." Mo fi "mò ń fọ̀ ọ́" kún un kí n lè dà bí ìyàwó rere.

Ilẹ̀kùn yàrá ò tì. Màmá gbọ́.

Wọn ò bá mi jà. Wọn ò sọ pé kì í ṣe àwọn. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀, nígbà tí imú wọn ò gbóòórùn? Wọ́n kàn jáde wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọmọ mi. Mi ò mọ̀ pé ó ti dà báyìí." Ọkọ mi wolẹ̀. Èmi náà wolẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Màmá ò jókòó sórí àga tímùtímù mọ́. Wọn ò gbé Tómi, ọmọ wa, lé ẹsẹ̀ mọ́. Bí oòrùn bá ti yẹ̀, wọn ò ní fẹnu kan omi. Ọkọ mi ra pám̀pásì àgbàlagbà, wọ́n sì ń wọ̀ ọ́. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń fi hàn mí, á gbẹ táútáú, wọ́n á ní, "Ùyàwó mi, mi ò tọ̀ lánàá o!" Inú wọn á máa dùn bí ti ọmọdé. Màá ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá." Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo ń sọ fún wọn nìyẹn. Mi ò sì sọ fún ọkọ mi pé ó ń gbẹ.

Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn fẹ́ padà sí Èkìtì, sọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin. Ọkọ mi ò dá wọn dúró. Bí wọ́n ṣe lọ tán, ojú tì mí láti wo ológbò yẹn. Mo dá a padà fún alápatà, mo ju báfù nù, mo fọ ilẹ̀ yàrá títí ọwọ́ mi fi bó. Òórùn lọ. Ọkọ mi wọ yàrá náà, ó fa imú, ó ní, "Màmá mà ni lóòótọ́." Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sunkún. Ilẹ̀ tí mo fọ̀ ti di ẹ̀rí mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́rùn.

Èmi nìkan ni mo ṣì ń gbóòórùn náà. Mò ń gbọ́ ọ lára aṣọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, mò ń gbọ́ ọ nínú irun ọmọ mi. Nígbà míì màá gbọ́ èékánná tó ń ha ike lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ wò ó, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin pè láti Èkìtì. Màmá ṣubú. Dókítà ní omi ò sí lára wọn, pé kíndìnrín wọn ti ń jìyà. Bí wọ́n bá gbé omi fún wọn, wọ́n á fi kan ètè lásán. Wọn ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, wọn ò sì jẹ́ kí àlejò sún mọ́ wọn.

Mo wọ mọ́tò lọ bá wọn. Nígbà tó ku àwa méjì, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, báfù, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, irọ́ tí mo pa. Mo ní, "Màmá, ológbò ni. Ẹ ò tọ̀ sára rí."

Mo ń retí èpè. Ṣe ni wọ́n fà mí mọ́ra.

"Ùyàwó mi, o ṣeun. Ẹni tó fẹ́ràn èèyàn ló ń wá irú irọ́ báyìí pa nítorí rẹ̀. O fẹ́ fi ológbò bo àṣírí mi."

Mo búra. Mo fi Bíbélì wọn búra. Wọ́n ní kí n yéé búra èké nítorí tiwọn. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ní, "Bí o ṣe bò mí yìí, ìyàwó ọmọ tìrẹ náà á bò ọ́." Wọ́n wá pe ọmọ wọn obìnrin wọlé, wọ́n ń ròyìn mi fún un. Omi tí mo bù fún wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn, wọn ò tọ́ ọ wò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí. Ọkọ mi nìkan ni Màmá lè gbà gbọ́, torí imú rẹ̀ ló gbóòórùn náà. Bí mo bá sọ fún un, ó lè lé mi jáde, mi ò sì ní bá a jiyàn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju ìyẹn lọ ni pé kí òun náà wò mí, kó ní ìyàwó rere ni mí. Ẹ bú mi bó ṣe wù yín, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, báwo ni kí n ṣe sọ òótọ́ yìí tí Màmá á fi mu omi?