Tìmùtìmù Pupa Tí Mo Rí ní Ọ̀run Àpáàdì

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo rí ìran, wọ́n sì ní kí n sọ ọ́ kí ìpàdé òní tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ara bá ta kó fara dà á.

Gbogbo yín mọ Ilé Ìtura tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa yìí, nínú ilé tí ìjọ fi háyà fún wọn. Àwọn tí dókítà sọ pé àìsàn wọn kò gbóògùn mọ́, tí wọn kò sì lè dúró sílé, ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Wọ́n ń wẹ̀ wọ́n, wọ́n ń bá wọn yí ẹ̀gbẹ́ padà, wọ́n ń fún wọn lóògùn ìrora, kí wọ́n lè lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Bólá, tí jẹjẹrẹ ti wọ egungun wọn, wà níbẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni mo ní, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà, mi ò sì lè dá wọn gbé. Lónìí, lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Ìjọ wa fẹ́ kí ẹ nawọ́ sókè kí wọ́n lé Ilé Ìtura kúrò. Wọ́n ní ilé ikú kò yẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Ọlọ́run. Àwọn ibojì tó wà lójúde ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Wọ́n ní ìyẹn yàtọ̀, àwọn ènìyàn ńlá ló wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé síwájú Olúwa lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, nínú ààwẹ̀. Mo ṣe "Àmín", mo gbé orí lé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì Àǹtí Bólá, oorun sì gbé mi lọ.

Ẹnì kan fọwọ́ kàn mí. Aṣọ funfun ló wọ̀. Mo rò pé áńgẹ́lì ni, mo ti kúnlẹ̀ kí n tó rí i pé bàtà nọ́ọ̀sì ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Dìde jàre," ó ní, "iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀."

Ibi ìsinmi ló kọ́kọ́ mú mi dé. Atẹ́gùn ń fẹ́, ẹnikẹ́ni kò ké ìrora. Mo rí Màmá Àgbà, ìyá tó bí Bàbá Ìjọ wa, tí wọ́n jókòó sórí ẹní, tí ẹnì kan ń di irun fún wọn. Ara wọn ń dán. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń wò.

"Ṣé Ọlátúnjí mi ti ń bọ̀?"

"Wọ́n ń bọ̀, Mà," ni mo dáhùn, "ṣùgbọ́n kò jọ pé apá ibí ni wọ́n máa gbà."

Ẹ rántí ìkéde tí wọ́n kà fún wa níbí, pé Màmá sùn nínú Olúwa nílé ọmọ wọn, láàárín ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Ilé Ìtura ni Màmá kú sí. Mo wà níbẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti gbé wọn wá, ọmọ wọn kò yọjú, àfi ìgbà tí Màmá dákẹ́. Ìgbà náà ni mọ́tò dé, tí wọ́n sáré gbé òkú lọ sórí bẹ́ẹ̀dì nílé, kí aráyé má baà gbọ́ pé ìta ni ìyá Bàbá Ìjọ kú sí. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n fẹ́ lé lónìí, ẹ̀yin ará.

Lójijì ilẹ̀ yà, ooru bù mí lójú, èéfín, ariwo, mò ń sá, mi ò mọ ibi tí mò ń sá lọ, mo di aṣọ nọ́ọ̀sì náà mú, mò ń ké "Jésù! Jésù!", kò dúró, ó ṣáà ń fà mí lọ.

Bẹ́ẹ̀dì iná tò lọ rẹrẹ. Àwọn tó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ kò lè yí ẹ̀gbẹ́ padà. Wọ́n ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀; á dé ẹnu ilẹ̀kùn, á sì padà.

"Àwọn wo nìyí?"

"Àwọn òpùrọ́ tó ń sọ pé, 'Màmá, a máa wá lọ́la.'"

Wòlíì kan wà níbẹ̀, tó máa ń gba oògùn ìrora lọ́wọ́ aláìsàn, tó ń sọ pé ẹni tó bá lò ó ti gbà fún ikú. Ó ń jóná, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀kán oògùn kan. Àwọn aládùúrà yí i ká, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń ké sí i létí: "Má gbà! Kọ̀ ọ́! Irọ́ ni ìrora yẹn!" Àánú rẹ̀ fẹ́ ṣe mí. Mo wá rántí igbe Àǹtí Bólá lọ́jọ́ tó gba tiwọn. Mo bá wọn pàtẹ́wọ́ díẹ̀.

Bẹ́ẹ̀dì kan ṣófo. Irin rẹ̀ ń pọ́n kuku, wọ́n sì gbé tìmùtìmù pupa lé e, tí wọ́n fi òwú wúrà rán etí rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Àga kan ṣoṣo ló ní irú rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí.

"Ta ló ni ín?"

"Ẹni tó máa kọ́kọ́ nawọ́ lọ́jọ́ Àìkú."

"Bí kò bá nawọ́ mọ́ ńkọ́?"

"A óò gbé e kúrò."

"Àwọn tó bá sì bá a nawọ́?"

Ó tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn káfíńtà ń kan bẹ́ẹ̀dì lọ́tùn-ún lósì, òógùn bò wọ́n.

Mo ta jí. Àǹtí Bólá ń wò mí.

"Kí ló dé tó o fi ń pàtẹ́wọ́ lójú oorun?" Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Àbúrò mi, ṣé wọ́n máa jẹ́ kí n kú síbí?"

Mi ò tíì dá wọn lóhùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́wọ́ lẹ máa dá wọn lóhùn láìpẹ́. Ẹ ṣọ́ra.

Bàbá Ìjọ, kí ló dé tẹ́ ẹ dìde? Ẹ jókòó, sà. Tìmùtìmù ti ibí ṣì tutù.