Ìdin inú Òwú Mi

Irọ́ tí mo gbé mì láti ọjọ́ yìí ti há mi lọ́fun, ẹ jẹ́ kí n pọ̀ ọ́ kí n tó kú. Èmi Èṣùbíyì, tí gbogbo Ìlódè ń pè ní Bàbá Eléyín, n kò yọ kòkòrò kankan lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí. Ìdin ara ẹran tó ti bàjẹ́ ni mo ń lọ ṣà ní Sábó. Màá fi òwú wé e, màá rẹ ẹ́ sínú àgbo, màá tẹ̀ ẹ́ mọ́ eyín tó ń dunni. Bí mo bá tú u sínú àwo funfun, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa pariwo pé, “Háà! Kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ léyín nìyí!” Ojú kò tì mí.

Lọ́dún tó kọjá, Fọláṣadé gbé ìyá rẹ̀ wá láti Òkèrèwè. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá Mámá dùbúlẹ̀, ẹnu wọn kì í pa dé mọ́, eṣinṣin sì ń bà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ní, “Èṣùbíyì, nǹkan ń rìn lókè ẹnu mi.” Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ta ló mọ̀ tó èmi pé irọ́ ni? Mo tan tọ́ọ̀ṣì wò ó. Ìdin gidi ni, wọ́n ń jẹ ẹran ara alààyè! Fọláṣadé ní, “Bàbá, ṣé ká máa gbé wọn lọ sí ọsibítù?” Ká ní mo ti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni! Àmọ́ mo wo àwọn tó jókòó síta, mo rántí pé n kò nílò òwú lọ́jọ́ yẹn. Mo ní, “Iṣẹ́ mi ni. Ẹ máa gbé wọn wá lójoojúmọ́.” Méjì, mẹ́ta ni mo ń yọ lójúmọ́ kí ayé lè rí i. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ìyókù sílẹ̀. Ìkà ni mí.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ibà gbé Mámá dè, Fọláṣadé sì sáré gbé wọn lọ sí ọsibítù. Dókítà eyín kán òróró olóòórùn líle sójú egbò náà kí ìdin lè yọjú, ó fi ẹ̀mú yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fọ ojú egbò, ó sì fún Mámá lóògùn. Mámá yè, àmọ́ àjà ẹnu wọn ti lu.

Ní Sunday tó kọjá, mo lọ kí wọn. Wọ́n mu omi, omi gba imú jáde. Wọ́n nù ún, wọ́n ránmú sọ pé, “Ọlọ́run á bá mi kẹ́ ẹ, ọmọ mi. Ìwọ lo kọ́kọ́ rí i.”

Ẹ̀yin tí eyín ń dùn, ẹ má tọ irú mi lọ mọ́. Fọláṣadé, bá mi ka ìwé yìí sí Mámá létí. Mámá, òótọ́ lẹ sọ, èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Ohun tí mo ń tọrọ àforíjì fún gan-an nìyẹn.