Ọkàn Mi Tú Mi Fó Lórí Kẹ̀kẹ́

Ara mi le, kò sí ohun tó ń ṣe mí, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ọkọ mi gbà pé àìsàn ọkàn ni mò ń bá yí. Òun ló ń gbé omi wá bá mi lórí ìjókòó. Òun ló ń gbálẹ̀ torí kò fẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀, òun gan-an ni aláìsàn ilé wa! Egbò kékeré kan wà ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kọ̀ tí kò jinná, mo sì mọ ohun tó fà á, torí èmi ni mo fà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n rò ó délẹ̀ ná, lẹ́yìn náà kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ bá fẹ́ sọ.

Èmi kì í ṣe ẹni tí ènìyàn ń retí irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu rẹ̀. Nínú ìjọ wa ní Festac níbí, èmi ni wọ́n máa ń rán sí àwọn ìyàwó tó bá ń bá ọkọ wọn fa wàhálà nítorí obìnrin. Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó jókòó sí kíláàsì, níbi tí àwọn àgbà ti ń kàwé nírọ̀lẹ́, mo sì forí tì í títí mo fi gba ìwé-ẹ̀rí. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó mọ̀wé kì í fi ohun tó bá rí kà ṣeré. Ohun tó bá ti wà ní kíkọ, òótọ́ ni lójú mi. Mo máa ń sọ fún àwọn obìnrin wọ̀nyẹn pé owú kò yẹ ọmọlúàbí, pé òjòwú kò lẹ́ran láyà, n kò sì ní rẹ́rìn-ín rárá bí mo bá ń sọ ọ́. Mo ti lé ẹnì kan jáde ní ìpàdé rí torí ó ní òun yẹ fóònù ọkọ òun wò. Ẹ gbọ́ ẹnu mi!

Nígbà tí ọkọ mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, àyẹ̀wò fi hàn pé ó ní àtọ̀gbẹ. Wọ́n kìlọ̀ fún un pé oògùn nìkan kò tó, àfi kó máa lo ara rẹ̀ dáadáa. Ló bá wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere láàárọ̀ Sátidé, nígbà tí ọkọ̀ kò tíì pọ̀ lójú títì. Wọ́n á gbéra ní Festac, wọ́n á gba Raji Rasaki Estate, wọ́n á dé Alákijà, wọ́n á sì yí padà. Kò pẹ́ rárá tí ikùn rẹ̀ fi wọlé, tí ojú rẹ̀ ń dán. Ó wá ń súfèé nínú báálùwẹ̀! Ọkùnrin tí kò súfèé mọ́ látìgbà tí a ti bí àkọ́bí wa! Èmi náà ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àfi ọjọ́ tí mo gbọ́ tó ń sọ lórí fóònù pé, “Sìdí, kùkúḿbà tí o gé fún mi lánàá dùn o. Ṣúgà mi ti ń wálẹ̀.” Ṣúgà mi! Àwọn ọmọ tí a bí gan-an kò mọ̀ pé bàbá wọn ní àtọ̀gbẹ. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, mo sì pa á mọ́ sínú bí ẹni pa owó mọ́. Ta wá ni Sìdí?

Mo bi í. Ó ní opó kan ni, pé Alákijà ló ń gbé, ibẹ̀ ló sì ti máa ń dara pọ̀ mọ́ wọn. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tí kò ní nǹkan kan nínú. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ni mo bá ṣe ohun tí mo torí rẹ̀ lé ẹlòmíràn jáde: mo yẹ fóònù ọkọ mi wò. N kò rí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kankan níbẹ̀. Ohun tí mo rí ni nọ́ńbà. Bẹ́líìtì tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ náà máa ń so mọ́ àyà lábẹ́ aṣọ, òun ló máa ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, tí yóò sì fi í ránṣẹ́ sórí fóònù. Láti ilé wa títí kọjá Raji Rasaki, ọkàn ọkọ mi ń lọ jẹ́jẹ́. Bí wọ́n bá ti dé Alákijà báyìí, yóò fò sókè! Sátidé tó kọjá, bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tó ṣáájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni. Mo gbé fóònù náà sí i níwájú.

Ó rẹ́rìn-ín. “Ibẹ̀ la ti máa ń bá ara wa sáré. Ìwọ náà wá gùn ún wò.”

“Ta lẹ ń bá sáré?”

“Gbogbo wa ni.”

“Sìdí ńkọ́?”

“Ta ló lè bá ìyẹn sáré? Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan là ń rí!”

Ẹ̀yìn rẹ̀! Ẹ̀yin obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi, ṣé ẹ gbọ́? Mo ní ó dáa, èmi náà ń bọ̀ ní Sátidé.

Mo mọ kẹ̀kẹ́ gùn, ti bàbá mi ni mo fi kọ́ ọ lóko nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń darí wọn, tí wọ́n ń pè ní Kóòṣì, ló fún mi ní bẹ́líìtì àyà tèmi. Àṣà wọn ni pé nọ́ńbà gbogbo èrò á máa hàn lórí fóònù tó dè mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ti ń sáré jù, á pariwo orúkọ rẹ̀ kó lè rọra. A lọ dáadáa títí a fi dé Alákijà. Sìdí nìyẹn, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó de akoto ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ lé híjáàbù, ó sì fi eékún méjèèjì lélẹ̀ lórí ọ̀dà. “Mọ́mì, ẹ káàárọ̀ mà. Dádì ti ròyìn yín títí.” Ọkọ mi yára dá a lóhùn pé, “Dìde, dìde, eruku á ba aṣọ rẹ jẹ́.” Láti ọjọ́ tí mo ti ń kúnlẹ̀ kí i nínú ilé wa, ṣé ó bá mi sọ̀rọ̀ eruku rí? Àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì. Kóòṣì ké sí mi pé, “Ha, Mọ́mì, kí lẹ ń lé? A ò tíì gbéra o!” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

A gbéra. Sìdí ń gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi, ó ń sọ̀rọ̀, ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín, èmi ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lójú ọ̀nà tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Kóòṣì dá gbogbo èrò dúró. “Dádì, ẹ wá o. Nọ́ńbà Mọ́mì ti lé ní ọgọ́sàn-án. Ọkàn wọn ń sáré ju ẹsẹ̀ wọn lọ!” Wọ́n ní bóyá bẹ́líìtì náà ló gbẹ, pé bó bá gbẹ ó máa ń ka ìkàkukà. Wọ́n fi omi rẹ ẹ́, ó ṣì ń sáré. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, bákan náà ni. Sìdí ní òun ń lọ ra omi tútù fún mi. Bó ṣe lọ, nọ́ńbà ń wálẹ̀. Bó ṣe yọ padà, tó na omi sí mi, tó sì na ìkejì sí ọkọ mi, nọ́ńbà gun òkè. Ẹnikẹ́ni kò fura, àfi èmi. Àwọn bàbá wa ní inú ẹni ni orúkọ tí a ó sọ ọmọ ẹni ń gbé. Wọn kò mọ̀ pé bẹ́líìtì kan ń bọ̀ tí yóò máa ka inú ẹni síta lójú títì.

Ọkọ mi gbé mi lọ sí ọsibítù. Mo ní kó dúró níta. Wọ́n so wáyà mọ́ mi láyà, wọ́n mú mi rìn kíákíá lórí ẹ̀rọ. Dókítà náà, ọmọbìnrin kékeré, yẹ ìwé náà wò, ó ní, “Mọ́mì, ọkàn yín le koko. Ṣùgbọ́n kí lẹ ń rò lọ́jọ́ náà? Ìbínú lè mú ọkàn sáré ju òkè gígùn lọ o.” Mo yára wọ bàtà mi. Nígbà tí mo jáde, ọkọ mi dìde, ó gbá báàgì mi mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ, ojú rẹ̀ pọ́n. “Kí ni wọ́n wí?” Ohun tó wọ orí mi lọ́gán ni pé, bí ọkùnrin yìí bá ń bẹ̀rù báyìí, kò ní kúrò lọ́dọ̀ mi. Mo ní, “Wọ́n ní ọkàn mi kò lágbára. Wọ́n ní kí n má gun kẹ̀kẹ́ mọ́, kí ẹ má sì fi mí sílẹ̀ lémi nìkan.” Èmi! Èmi tí mò ń lé àwọn obìnrin jáde ní ìpàdé!

Ó fi kọ́tìnì àtijọ́ bo kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ní àárọ̀ Sátidé, àwa méjèèjì á jókòó sí pálọ̀. Mo ti borí, àbí? Adìyẹ bà lókùn ni ọ̀rọ̀ wa, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ. Ó ń jẹun, ó ń sùn lórí àga, ikùn rẹ̀ padà síta, ṣúgà rẹ̀ tún gòkè, ìfé náà dákẹ́. Bí aago kẹ̀kẹ́ bá dún níta, á lọ dúró lójú fèrèsé. Nígbà tó yá, bàtà ha á lẹ́sẹ̀, ibẹ̀ sì di egbò. Ẹ̀rù bà mí, mo ní kó padà sórí kẹ̀kẹ́, pé ara mi ti yá. Ó ní, “Títí dókítà á fi sọ ọ́ sí mi létí. Mi ò ní torí kẹ̀kẹ́ sọ ẹ́ nù.” Irọ́ tí mo fi tì í mọ́lé ti wá ti èmi náà mọ́lé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Sìdí wá kí mi. Ó gbé kùkúḿbà wá, ó mú bẹ́líìtì kan lọ́wọ́, ó ní kí a wò ó bóyá ọkàn mi ti rọlẹ̀. Báwo ni n ó ṣe kọ̀ lójú ọkọ mi? Sìdí fúnra rẹ̀ ló so ó mọ́ mi láyà. Nọ́ńbà ń lọ jẹ́jẹ́. Ojú rẹ̀ kún fún ayọ̀. “Dádì, ó ti wálẹ̀ o!” Ọkọ mi jáde láti kíṣìnì pẹ̀lú àwo kùkúḿbà, ó ń rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. “Sìdí, ẹsẹ̀ rẹ dára!” Nọ́ńbà fò sókè bí ọ̀pọ̀lọ́. Sìdí wo fóònù. Ó wo ọkọ mi. Ó wá wo èmi. Kò sí ẹni tó kà mí bẹ́ẹ̀ rí. Ó rọra tú bẹ́líìtì náà. “Dádì, ẹ má dá a lóhùn,” ló wí, “bátìrì rẹ̀ ló ti ń kú.”

Mo sìn ín dé géètì. Ó ní, “Mọ́mì, èmi náà jowú rí. Ọkọ tí mo torí rẹ̀ jowú ti wà nínú ilẹ̀ báyìí. Àwọn kan ń gun kẹ̀kẹ́ ní Satellite Town, ọ̀dọ̀ wọn ni màá máa lọ. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí Dádì padà sórí kẹ̀kẹ́.” Ó kúnlẹ̀. N kò ní kó dìde.

Ẹ rò pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? N kò ní parọ́ fún yín, irọ́ tí mo ti pa tó. Inú túbọ̀ bí mi sí i ni. Tí ó bá jẹ́ oníranù ni, ǹ bá mọ ibi tí n ó gbé e sí. Kí ló dé tó fi bo àṣírí mi? Kí ló dé tó jẹ́ òun, tí kì í ṣe ìyàwó rẹ̀, ló ń ro bí ọkọ mi yóò ṣe yè? Ìwà rẹ̀ ni mò ń jowú báyìí, ìyẹn sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí n kò lè fi ẹ̀sùn kankan kàn án.

Ọ̀rọ̀ ti wá bọ́ sí ibi tó le. Ọkọ mi ti bá ọsibítù sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, a ó padà sọ́dọ̀ dókítà yẹn kan náà, ó sì ti búra pé òun á bá mi wọlé lọ́tẹ̀ yìí. Bí mo bá dákẹ́, ẹnu ọmọbìnrin yẹn ni yóò ti gbọ́ pé kò sí àìsàn kankan rí. Bí mo bá sọ ọ́ fúnra mi, yóò bi mí léèrè ìdí, mo sì gbọ́dọ̀ dárúkọ Sìdí. Ṣé bó bá mọ ohun tí obìnrin náà ṣe fún mi, kò ní fi wá wé ara wa? Ẹ wò ó, owú náà ló tún ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi yẹn! Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ti ń dá ẹlòmíràn lẹ́jọ́ bíi tèmi, ẹ kọ́kọ́ tẹ́tí sí àyà ara yín kí ẹ tó dìde sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ẹ wá gbà mí nímọ̀ràn kíákíá, torí bí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Àìkú, ọ̀sán yẹn nìkan ló kù fún mi. Gbólóhùn wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?