Oṣù Mẹ́jọ Tí Mo Fẹ́ Jẹ Tán

Bí mo ṣe wọ abẹ́ àtíbàbà tí a ti ń hun òfì láàárọ̀ yìí, Àǹtí Sàkíná ti jókòó, ó ń fi abẹ tú àkọlé kúrò lára aṣọ. Orúkọ ojú-òpó wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló wà níbẹ̀. Ó ti di ti ẹlòmíràn.

"Má bara jẹ́," ló sọ. "Olè ni àwọn tó gbà á."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, wọn kì í ṣe olè. Èmi ni mo jẹ́ kó bọ́. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún ní gbogbo Ìsẹ́yìn?

Àǹtí mi ló tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn ikú bàbá wa. Nígbà tí mo parí sẹ́kọ́ńdírì, ó fi ojú-òpó náà sí ìkáwọ́ mi, torí ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà òkè òkun ti ń rí wa. Ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa tọ́jú orúkọ náà kì í gbé fóònù. Àǹtí mi ní, "Alákọ̀wé, gbé orúkọ wa kúrò lọ́dọ̀ àwọn adití yìí."

Mo ní, "Oṣù mẹ́jọ ṣì kù nínú owó tí a san fún wọn, Àǹtí mi. Ṣé ká fi ta wọ́n lọ́rẹ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ahun! O ò lè fi fọ́nrán òwú kan sílẹ̀ fún eku."

Lóko wa ní Adó-Àwáyè, ẹni tó fẹ́ kúrò lórí ilẹ̀ onílẹ̀ a kọ́kọ́ wa iṣu rẹ̀ tán. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni oṣù tó kù lórí orúkọ. Ṣé kí n béèrè ni? Ojú ń tì mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ tuntun tí a fẹ́ gbé orúkọ náà lọ, tí mo pa á kó tó dún.

Ìgbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí oṣù mẹ́jọ náà pé ni mo tó béèrè kóòdù tí a fi ń gbé orúkọ lọ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ àtijọ́. Wọn kò fèsì. Mo fẹ́ san ti ọdún mìíràn níbẹ̀, ojú ìwé ìsanwó wọn kò ṣí. Ọjọ́ pé, ojú-òpó kú. Èmi nìkan ni mo mọ̀. Mo ń kọ lẹ́tà sí wọn lójoojúmọ́, títí àkókò tí wọ́n fi ń dúró de olórúkọ fi kọjá, tí ẹnìkan sì rà á.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó pe ilé-iṣẹ́ tuntun. Ọmọkùnrin tó gbé fóònù pariwo: "Họ́wù, bọ̀dá! Oṣù yín kò lè ṣòfò. Ká ní ẹ gbé e wá nígbà yẹn, oṣù mẹ́jọ yẹn á bá a wá, ọdún kan á tún gorí ẹ̀. Kí àpapọ̀ rẹ̀ má ṣáà ti ju ọdún mẹ́wàá lọ."

Ẹ̀yin tí ojú ń tì bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa béèrè! Abéèrè kì í ṣìnà.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Àǹtí mi láàárọ̀ yìí, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé abẹ sílẹ̀. Ó gbọn òwú kúrò lára ìró rẹ̀, ó wọ bàtà, ó sì gba ọ̀nà ilé lọ.