Àrẹ̀mú Onígìtá, Gbọ́ Ẹjọ́ Mi

Gbé gìtá yẹn sílẹ̀! Mo ní kí o gbé e sílẹ̀, Múyìwá! Mi ò gun kẹ̀kẹ́ láti Olódò wá sí Ṣáṣá nínú oòrùn yìí kí n wá gbọ́ orin róòkì. Àbí o rò pé tíṣà kì í bínú ni?

Èmi ni mo kọ́kọ́ jẹ́ Olúmúyìwá Àrẹ̀mú. Má rẹ́rìn-ín! Kí wọ́n tó bí ọ ni àlùfáà ti fi omi wọ́n mi lórí. Orúkọ yìí ni mo fi kọ ìwé ìtàn méjì, àwọn ọmọ ilé ìwé ń kà wọ́n, kò sí ẹni tó bú mi rí. Ìwọ ńkọ́? O fi irun bo etí, o wọ ṣòkòtò tó fún pinpin, ò ń fò sókè sódò nínú òtẹ́ẹ̀lì, orúkọ mi sì wà gàdàgbà lára pátákó níta! Èèyàn á wá kí mi lẹ́yìn ìsìn, á ní kí n ta gìtá díẹ̀ fóun gbọ́, mo ń fara dà á. Ṣùgbọ́n ti Àrínọlá yìí, háà, o pa mí!

Àrínọlá, ọmọ Bàbá Ìjọ ní Lálúpọn. Ibi tó ti ń kọrin lọ́jọ́ ìkórè ni mo ti rí i, ọkàn mi ò sì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Mo bẹ àǹtí mi, Ìyá Dàpọ̀, kí wọ́n ṣe alárinà. Wọ́n ṣáà dárúkọ mi ni, ọmọ náà ti ní òun gbà! Orí mi wú.

Àwọn èèyàn rẹ̀ wá ń wádìí ọkọ, bí ilé rere ti í ṣe. Ibo ni wọ́n lọ? Ṣáṣá níbí, àdúgbò rẹ! Wọ́n ní, "Múyìwá Àrẹ̀mú? Ibi tí ọtí bá ti pa á ló ń sùn." Bàbá Ìjọ búra pé òun ò ní fọmọ fún ọ̀mùtí. Èmi, tí ọtí ò kan ẹnu mi rí! Mo gbé ìwé mi dání, mo lọ dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé títí bàbá fi ń bẹ̀ mí. Wọ́n pe Àrínọlá pé kó wá wo ọkọ rẹ̀.

Ó wò mí látòkè délẹ̀. Ó tún wo ẹ̀yìn mi, bí ẹni pé ẹlòmíì ṣì ń bọ̀. Ó ní, "Gìtá ńkọ́?"

Ṣé o gbọ́? Ìwọ ló gbà fún! Orin rẹ ló ń gbọ́ lórí rédíò! Ó ní òun ò fẹ́ tíṣà, kò sì jẹun láti ọjọ́ náà. Ó dùn mí, Múyìwá, ó dùn mí wọnú egungun. Ìyá Dàpọ̀ wá ní, níwọ̀n ìgbà tí mo mọ ilé rẹ, kí n bá wọn bi ọ́ bóyá o níyàwó. Èmi! Èmi ni mo wá di alárinà rẹ!

Dáhùn, o níyàwó àbí o ò ní? Búra! Ó dáa. Lọ wọ ṣòkòtò gidi, ká máa lọ, torí mi ò lè jẹ́ kí ebi pa ọmọ náà kú.

Ṣùgbọ́n gbọ́ o: tó bá bí ọkùnrin fún ọ, tí o bá fi sọ ọ́ ní Múyìwá, Ọlọ́run gbọ́, màá fọ́ gìtá yẹn mọ́ ọ lórí!